Àmì-ẹ̀yẹ Bàbá Ológun: ó ku títò

Mò ń to àwọn àmì-ẹ̀yẹ tí bàbá kan gbà nígbà ogun Hítílà sínú férémù fún ọmọ rẹ̀. Fífọ̀ ti parí: omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀, kò sí nǹkan míì. Mo ti gé páálí ẹ̀yìn, awọ tí mo fi bò ó sì wá láti ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ awọ tiwa níbí, l'Ọ̀yọ́.

Títò ló kù, ibẹ̀ sì ni ìjà wà. Mẹ́rin ni àmì-ẹ̀yẹ náà: 1939–1945 Star, Burma Star (ìràwọ̀ ni méjèèjì), Defence Medal, War Medal 1939–1945. Bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ léra náà nìyẹn, láti àárín àyà lọ sí èjìká òsì. Ṣùgbọ́n ìyá tó gbéṣẹ́ wá, ọmọ bàbá náà, fárígá.

"Burma ni bàbá mi ti jagun. Burma ni kí o fi ṣíwájú."

Mo ní, "Ẹ má bínú, Mà, wọn kì í fi ibi tí ogun ti gbóná jù tò ó." Ti 1939–1945 ló ń ṣíwájú gbogbo ìràwọ̀ ogun Hítílà. Defence Medal ń tẹ̀ lé àwọn ìràwọ̀, War Medal ló ń kẹ́yìn, bó ti wù kó máa dán tó. Gbogbo àlàyé yìí kò wọ̀ ọ́ létí, àfìgbà tí mo ní kó wo fọ́tò bàbá fúnra rẹ̀. Dúdú àti funfun ni, ṣùgbọ́n ríbọ́ọ̀nù onílà mẹ́ta ti 1939–1945 hàn kedere níwájú ti Burma. Màmá wò ó títí, ó ní, "Ó dáa, bí bàbá ṣe tò ó ni kó o ṣe é."

Ríbọ́ọ̀nù onílà mẹ́ta yẹn náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Búlúù tó ṣú (ti ọmọ ogun ojú omi) ló ń kọjú sí àárín àyà, pupa ti orí ilẹ̀ wà láàárín, búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ ti òfúrufú sì wà lápá èjìká. Ọ̀pọ̀ ló ń yí i sódì, ó sì ń bí mi nínú.

Ríbọ́ọ̀nù ti bàbá ti gbó. Mo lọ bá ahunṣọ kan ní Ìsẹ́yìn pé kó bá mi hun òmíràn. Iṣẹ́ rẹ̀ rẹwà, àmọ́ òwú aṣọ òkè nípọn jù fún ríbọ́ọ̀nù tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mìlímítà 32. Èkó ni mo ti ra tuntun níkẹyìn.

Èyí tó ń yọ mí lẹ́nu jù rèé: ìràwọ̀ fẹ̀ ju ríbọ́ọ̀nù lọ, ó tó mìlímítà 38. Wọ́n á gorí ara wọn ni, èyí tó ṣíwájú á sì wà lókè. Bí mo bá gbé e báyìí, ṣóńṣó ìràwọ̀ àkọ́kọ́ á ha ti Burma lára, á máa dún wọ̀ọ̀rọ̀-wọ̀ọ̀rọ̀. Tẹ́lẹ̀, mo fẹ́ kí wọ́n máa mì fàlàlà. Mo ti yí i padà: mà á rán wọn mọ́ páálí, ríbọ́ọ̀nù á gba ẹ̀yìn wọn sọ̀kalẹ̀, òwú kan á sì di ṣóńṣó ìsàlẹ̀ mú. Òwú àkọ́kọ́ ti wọlé, ìràwọ̀ náà kò sì mì mọ́.

Báàjì Dífíṣọ̀n 81 (ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó jagun ní Burma) kò sí lórí ìlà yìí. Apá ni wọ́n ń rán an mọ́, kì í ṣe àmì-ẹ̀yẹ, nítorí náà ó máa ní àyè tirẹ̀ nísàlẹ̀ férémù. Aláǹtakùn dúdú lórí yẹ́lò ni, orí rẹ̀ sì ń kọjú sísàlẹ̀, kó lè kọjú síwájú nígbà tí sójà bá gbé ìbọn sókè láti yìn ín. Ọmọ-ọmọ màmá ní òun ló máa lẹ̀ ẹ́. Mo ti fi pẹ́ńsù sàmì síbi tí orí rẹ̀ máa wà.