Òórùn Kànáfùrù ní Simi Valley

Ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Keje ọdún 2017, ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ Júù wá fi mọ́tò gbé mi ní Los Angeles. Ó ti sọ fún mi pé kí n wọ aṣọ funfun. Ìgbà tí a wọ ọgbà Brandeis-Bardin, àgọ́ ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Júù ní Simi Valley, California, ni mo tó mọ ìdí rẹ̀. Funfun báláú ni gbogbo àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ wọ̀. Wọ́n fi apá kọ́ra, wọ́n ń kọrin Hébérù lọ síbi oúnjẹ alẹ́ Ọjọ́ Ìsinmi àwọn Júù, tó ń bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Orí mi wú.

Shlomo Bardin ló dá àgọ́ náà sílẹ̀. Ukraine ni wọ́n ti bí i, ó gbé Palẹ́sítínì, ó sì kàwé ní Yunifásítì Columbia. Ohun tó ká a lára ni pé àwọn ọmọ Júù tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà ń dàgbà láìmọ orísun wọn. Louis Brandeis, Júù àkọ́kọ́ tó di adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀, tì í lẹ́yìn. Ọdún 1941 ni wọ́n pàgọ́ àkọ́kọ́, ní New Hampshire. Ọdún yẹn náà ni Brandeis kú. Ní 1947, wọ́n dá ti California sílẹ̀.

Bardin kò fi ìwé nìkan kọ́ wọn. Ó mú nínú ìṣe kibbutz, ìyẹn abúlé tí àwọn Júù ti jọ ń gbé, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ó mú nínú ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ìgbèríko ní Denmark: wọ́n á ṣiṣẹ́ ilẹ̀, wọ́n á jó, wọ́n á kọrin, wọ́n á jọ jiyàn ọ̀rọ̀, kí wọ́n lè padà lọ ṣe aṣíwájú níbi tí wọ́n ti wá. Mo ronú kan àwọn ọmọ tèmi, tí "ẹ káàárọ̀" nìkan kù lẹ́nu wọn. Ó dùn mí gan-an.

Lálẹ́ Sátidé, a gun òkè lọ sí House of the Book, ilé ńlá kan nínú ọgbà náà tí wọ́n kọ́ ní 1973. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wo Power Rangers lọ́mọdé ti rí i rí: òun ni wọ́n lò fún ibùdó Zordon, ọ̀gá àwọn Power Rangers, nínú eré náà. Nígbà tí iná igbó tí wọ́n pè ní Woolsey jó ọ̀pọ̀ ilé ọgbà náà ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018, kò rí i jó.

Láti fi dágbére fún Ọjọ́ Ìsinmi náà, wọ́n tan àbẹ́là kan tí wọ́n lọ́ mọ́ra bí irun dídì. Olúkúlùkù na ọwọ́ síbi ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, ó ń wo èékánná ara rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi gbé àpótí kékeré kan sí mi nímú. Kànáfùrù ni, irú èyí tí màmá mi máa ń sè sínú àgbo. Wọ́n ti àbẹ́là náà bọ wáìnì, ó dún ṣììì. Òkùnkùn bo gbogbo wa, kò sì sẹ́ni tó tètè dìde.