Mo pàdé ẹni tí eyín ń dùn jù mí lọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, láti ọjọ́ Jímọ́ ni eyín kan ti ń yọ mí lẹ́nu, síbẹ̀ mo ṣáà tẹ̀lé ìyàwó mi lọ sí kàtídírà Wells, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan ní ilẹ̀ England níbí, lánàá, mo ń fọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ kiri bí ọmọdé. Níta, ó ń fi àwọn ẹranko olókùúta tó yọrí létí òrùlé hàn mí, àwọn tí omi òjò ń gba ẹnu wọn tú dànù kó má bàa ba ògiri jẹ́. Èmi ò ráyè tiwọn.

Àfi ìgbà tá a wọlé, tí mo gbójú sókè wo orí òpó kan lápá gúúsù. Yéè! Ọkùnrin kan rèé tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta, ó ki ìka bọ ẹnu, ó fà á ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó lè fi eyín tó ń dùn ún hàn wá, ojú ẹ̀ sì fún pọ̀ kankan. Ó ti lé ní 800 ọdún tó ti wà níbẹ̀ o, kò tíì rí dókítà! Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí, ó ní ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn.

Wọ́n ní Bíṣọ́ọ̀bù William Bytton tó kú ní 1274, wọ́n sin ín síbẹ̀, ibojì ẹ̀ làwọn tí eyín ń dùn máa ń lọ gbàdúrà sí láyé ọjọ́un. Ẹ má bi mí bóyá mo yà síbẹ̀.

Ta ló ti rí irú ère báyìí rí? Ẹ ju fọ́tò sílẹ̀ jàre.