Ìbọn olówó ńlá tí àbúrò mi fẹ́ rà ní Houston

Láti alẹ́ àná ni àbúrò mi tó wà ní Houston ti kó ọ̀rọ̀ ìbọn sí mi lágbárí. Revolver ló fẹ́ rà, ìbọn ìléwọ́ kékeré tó ṣeé kì sápò, torí iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ọ̀gànjọ́ òru ló sì máa ń jáde síbi tó páàkì mọ́tò sí, iná ibẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ tàn. Mi ò bá a jiyàn lórí ìyẹn, ẹni tó ń rìn níbẹ̀ ló mọ bó ṣe ń ṣe é. Ohun tó wá pa mí lẹ́rìn-ín ni pé Òṣogbo ni mo wà, èmi ni wọ́n ní kí n dá sí i. Ó ní "Bọ̀dá mi, ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń tẹ̀ lé Bàbá lọ sóko ọdẹ, ẹ mọ ìbọn." Ṣakabùlà ni mo mọ̀ o! Níbí, òfin ìbọn ti 1959 ti kó revolver mọ́ àwọn tó jẹ́ èèwọ̀, àfi tí Ààrẹ bá fúnni níwèé àṣẹ, ṣakabùlà pàápàá ní láìsẹ́ǹsì tiẹ̀. Ọ̀dọ̀ tiwọn ní Texas, láti oṣù kẹsàn-án 2021, ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 21 tí òfin ò sì dè lọ́nà, ó lè gbé e kiri láìgba ìwé kankan. Ayé ò dọ́gba ṣá.

Méjì ló wà níwájú ẹ̀. Ọ̀kan ni Smith & Wesson 642, ọta márùn-ún ló ń gbà, férémù ẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù, ó fi díẹ̀ lé ní gíráàmù 400. Láti 1950 ni ilé iṣẹ́ yẹn ti ń ṣe irú kékeré ọlọ́ta márùn-ún báyẹn. Èkejì ni Kimber K6s tó jáde ní 2016, irin tí kì í dípẹtà ni gbogbo ara ẹ̀, ọta mẹ́fà, bíi gíráàmù 650. Dọ́là 500 tàbí kó má tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ lẹ máa fi gbé 642, K6s ń lọ sí dọ́là 900. Ẹ ṣírò ohun tó wà láàárín méjèèjì sí náírà, ó lé ní ìdajì mílíọ̀nù, páànù ilé ìyá wa sì ń jò níbí, n ò ní purọ́, ojú mi wà lára owó yẹn.

Síbẹ̀ mo gbìyànjú láti gbọ́ tẹnu ẹ̀. Ó ní K6s ń gba oríṣi ọta méjì, .357 Magnum tó lágbára jù àti .38 Special tí agbára ẹ̀ kéré sí i, 642 ò lè gba .357 rárá. Òótọ́ ni, àmọ́ mo bi í léèrè pé ṣé .357 lo fẹ́ máa yin nínú ìbọn tí ẹnu ẹ̀ kúrú tó báyẹn, ariwo ẹ̀ àti iná tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀ ńkọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní .38 náà lòun máa kó sí i. Ẹ ò wá rí nǹkan, a ti ń sanwó lórí ohun tá ò ní lò.

Ibi tó ti mú mi gan-an ni fídíò tó fi ránṣẹ́ sí mi. Níbi tí wọ́n ti ń yìnbọn sójú àmì, wọ́n máa ń yáni níbọn lọ́hùn-ún, ó sì yá méjèèjì. 642 kọ́kọ́ dún, ọrùn ọwọ́ ẹ̀ fò sókè, ìka ìsàlẹ̀ ti yọ kúrò lára èèkù, ó ní láti tún ọwọ́ mú kó tó yin èyí tó kàn. Ó wá gbé K6s, ọwọ́ ò fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan. Fífà revolver gùn, ó sì le, torí tírígà yẹn kan náà ló ń yí ilé ọta, òun náà ló tún ń gbé òòlù inú ẹ̀ sẹ́yìn kó tó jù ú sílẹ̀, ti Kimber yẹn sì ń lọ geere, àwòrán nìkan ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Mo rántí Bàbá, á da ẹ̀tù sẹ́nu ìbọn, á fi ọ̀pá irin kì í wọlé, á tẹ àkísà lé e, ṣakabùlà ẹ̀ tó wúwo bí ọmọ ọdún kan yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ tapá, ìbọn ẹ̀gbọ́n Bàbá tó fúyẹ́ ló máa ń fi àpá sílẹ̀ léjìká ẹni. Nítorí náà ìwúwo yẹn kì í ṣe ẹ̀tàn, òun gan-an ni dọ́là 400 ń rà.

Àmọ́ ìwúwo tó ń bá a níbi àmì yẹn náà ló máa bá a rìn nínú ṣòkòtò iṣẹ́ tí kò ní bẹ́líìtì. Èmi mọ àbúrò mi. Fóònù tó bá wúwo, á gbé e sórí tábìlì. Ó máa gbé K6s yẹn fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà inú dúrọ́ọ̀ ló máa wà, ẹni tí wọ́n bá dá lọ́nà sì rèé, ìbọn tó dáa jù wà nílé. Mo ní kó ra 642, kó fi ìyókù ra ọta .38, kó máa lọ fi dánra wò títí ọrùn ọwọ́ á fi mọ̀ ọ́n. Bó bá jẹ́ pé inú bẹ́ẹ̀dírúùmù ló fẹ́ fi sí ni, mo máa sọ pé kó ra Kimber, kò sí àríyànjiyàn.

Ó dákẹ́ díẹ̀, mo rò pé ó ti gbà. Ìyàwó ẹ̀ ló gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀. "Bọ̀dá, ẹ kú alẹ́ sà. Ẹ bá mi bi í, ibi iṣẹ́ wọn ò gbà kí wọ́n gbé ìbọn wọlé, tó bá ti wọlé, níbo ló máa fi í sí?" Èmi àgbà ọdẹ àti àbúrò mi, a ti sọ̀rọ̀ títí, kò sẹ́ni tó ronú dé ibẹ̀. Inú mọ́tò ni, kò síbòmíì, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń fọ́ mọ́tò jí ìbọn gan-an ní Amẹ́ríkà. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ ra àpótí onírin kékeré tó ní kọ́kọ́rọ́, èyí tí wọ́n ń fi wáyà so mọ́ ìdí ìjókòó, owó ẹ̀ ò tó nǹkan kan lára dọ́là 400 tá à ń jà lé lórí. Ìyàwó ẹ̀ ní òun máa kọ́kọ́ bá ọ̀gá ibi iṣẹ́ sọ̀rọ̀ iná páàkì yẹn ná, kí ẹnikẹ́ni má tíì ná kọ́bọ̀.