Kíránkì Ìjàpá tó ń sún: ẹ kọ́kọ́ wo kíláàṣì

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì Ìjàpá yín (Volkswagen Beetle) tutù, kí ẹ lọ sẹ́yìn ọkọ̀, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di pọ́lì ìsàlẹ̀ tó ń yí fáǹbẹ́líìtì mú. Ẹ fà á sọ́dọ̀ ara yín, kí ẹ tì í padà. Lára ẹ́ńjìnnì tó pé, ọwọ́ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ pé nǹkan kan sún. Bó bá ń dún kọ̀, kọ̀, tí ojú sì rí i bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀, kíránkì (irin tí písítìn ń yí nínú ẹ́ńjìnnì) ti ní ààyè ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ tún gbé pọ́lì náà sókè-sódò. Bó bá mì lọ́nà yẹn pẹ̀lú, ọ̀ràn ti kúrò ní ti síìmù (òrùka irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń dín ààyè yìí kù): bẹ́àrìn ńlá tàbí ihò tó jókòó sí ló ti jẹ, títú pátápátá ló kù.

Ọwọ́ kàn ń fura ni. Dial gauge, aago tí a fi ń wọn ìsún kékeré, ló ń sọ òótọ́. Láàárín 0.07 àti 0.13 mm ni Volkswagen fẹ́ kí ààyè náà wà, 0.15 mm sì ni òpin. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà rèé: mágínẹ́ẹ̀tì ìdí gauge kì í lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì yìí, nítorí magnesium ni wọ́n fi ṣe é. Bí ẹ bá gbé e lé bọ́dì ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì á máa mì, ìwọ̀n á di irọ́. Ẹ fi bóòtù de irin pẹlẹbẹ mọ́ ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, kí mágínẹ́ẹ̀tì jókòó sórí ìyẹn.

Bẹ́àrìn nọ́ńbà 1, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ flywheel (àwo irin ńlá tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti kíláàṣì), nìkan ló ń gba títì yìí. Gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá tẹ kíláàṣì, rìlíìsì bẹ́àrìn (èyí tó ń tú kíláàṣì) ń ti flywheel àti kíránkì lọ sápá pọ́lì. Awakọ̀ tó ń di kíláàṣì mọ́lẹ̀ títí go-slow fi tán ń fi owó ara rẹ̀ lọ bẹ́àrìn ni. Ẹ wo pẹ́dà: ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé 10 sí 20 mm lọ́fẹ̀ẹ́ kó tó le lẹ́sẹ̀. Nọ́ọ̀tù elétí tó wà ní ìdí wáyà kíláàṣì, lápá òsì gíábọ́ọ̀sì, ni ẹ ó fi tò ó. Bí ẹ bá fo ibí yìí, iṣẹ́ tó kù kò ní pẹ́.

Fún síìmù, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ jáde. Ẹ fi àmì sára flywheel àti kíránkì kí ẹ tó tú nọ́ọ̀tù 36 mm àárín rẹ̀, kí ó lè padà síbi tó wà. Ẹ yọ ọ́ìlì síìlì (rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì) kúrò, torí ó ń fa flywheel mọ́ra. Ẹ fi síìmù méjì péré sí i, kí ẹ dá flywheel padà, kí ẹ fún nọ́ọ̀tù náà le dáadáa, kí ẹ wá wọ̀n ọ́n. Ẹ yọ 0.10 kúrò nínú ohun tí gauge bá sọ. Èyí tó ṣẹ́kù ni síìmù kẹta. Bó bá ka 0.44, síìmù 0.34 ni ẹ ń wá. Wọ́n ń ta 0.24, 0.30, 0.32, 0.34 àti 0.36 mm. Síìmù mẹ́ta ni, kì í ṣe méjì, kì í ṣe mẹ́rin, kí ẹ má sì fi sáńpépà ha ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́. Tí síìlì tuntun bá ti wọlé, ẹ fún nọ́ọ̀tù náà dé 350 Nm, kí ẹ sì tún un wọ̀n.

Bó bá fún jù, ọ́ìlì kò ní ríbi gbà, ojú bẹ́àrìn á jóná bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná. Bó bá gbẹ̀rẹ̀ jù, síìlì á máa jò, ọ́ìlì á kan àwo kíláàṣì, kíláàṣì á máa yọ̀. Èyí tó burú jù ni kí bẹ́àrìn nọ́ńbà 1 máa lu ilé rẹ̀. Nígbà tí flywheel bá wà nílẹ̀, ẹ ti kíránkì síwá-sẹ́yìn kí ẹ máa wo bẹ́àrìn náà: bí òun pẹ̀lú bá ń sún, síìmù kò ràn án. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹṣíníìsì tó lè gé ojú ilé náà, kó fi bẹ́àrìn tí etí rẹ̀ fẹ̀ sí i.

Bí kíránkì bá ti dára tí ọkọ̀ ṣì ń dún kọ̀ nígbà tí ẹ bá wọ rìfáàsì, ìdí gíábọ́ọ̀sì ló kàn: ẹ wo rọ́bà tó gbé e ró kí ẹ tó bú áàsù (axle).