Káńsẹ́lọ̀ tí owó rẹ̀ há sí káńsù: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Bóyá Gúúsù Àkúrẹ́ lẹ ti wọlé tàbí Ìwọ̀-Oòrùn Oǹdó, kí ẹ tó pariwo pé káńsù jẹ yín lówó, ẹ kọ́kọ́ ya owó náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Owó oṣù yàtọ̀, àjẹmọ́nú yàtọ̀, gírátúítì ìparí sáà náà yàtọ̀. Owó tí ọ́fíìsì yín fi ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe tiyín rárá. Ẹni tó bá kà á mọ́ gbèsè ti fún akápò láyè láti da gbogbo ìwé náà padà, akápò ò sì jẹ̀bi.

Káńsù kọ́ ló ń pinnu iye tí òṣèlú ń gbà. Àjọ RMAFC l'Ábùújá, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí owó-wíwọlé àti owó oṣù àwọn òṣèlú, ló ń gbé e kalẹ̀, òfin sì ti gbè é lẹ́sẹ̀. Gírátúítì, bí àpẹẹrẹ, jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta owó oṣù ọdún kan, láìka àjẹmọ́nú mọ́ ọn. Bí àwọn káńsẹ́lọ̀ bá jókòó dìbò fi kún owó ara wọn, ọ̀dítọ̀ ò ní buwọ́ lù ú.

Lẹ́tà ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Lẹ́tà àpapọ̀ tí èèyàn mẹ́wàá fọwọ́ sí, tó gbé iye kan ṣoṣo, inú fáìlì ló máa ń kú sí, torí kò sẹ́ni tó mọ èló ni ti ta ni. Kí kálukú kọ tirẹ̀: oṣù tí wọ́n jẹ ẹ́, iye tó yẹ, iye tó wọlé, iye tó kù. Kó so sítétímẹ́ǹtì báǹkì, ìwé-ẹ̀rí pé wọ́n dìbò yàn án àti ìwé ìbúra mọ́ ọn. Alága ni kó kọ ọ́ sí, kó gba ọwọ́ HOLGA, ìyẹn olórí àwọn òṣìṣẹ́ káńsù, kọjá, kó sì gba ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ àti déètì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé òǹtẹ̀ yẹn.

Bí wọ́n bá ní kò sówó, ẹ béèrè bóyá gbèsè náà wà nínú ètò ìṣúná ọdún yìí. Bí kò bá sí níbẹ̀, kò sí fáọ́ṣà (ìwé ìsanwó) tó lè jáde. Àfikún ìṣúná ni kí ẹ lé. Bí wọ́n bá ní Alágbàká, ìyẹn ìjọba ìpínlẹ̀, ló dá owó dúró, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti pàṣẹ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje, 2024 pé kí owó máa lọ tààrà sọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Bí ẹ bá sì kọ̀wé béèrè àkọsílẹ̀ wọn, òfin òmìnira ìròyìn (FOI) ti 2011 fún wọn ní ọjọ́ 7 péré láti dáhùn.

NULGE, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, kò lè gbà yín. Ti òṣìṣẹ́ ni.

Ilé-ẹjọ́ Ilé-iṣẹ́ (National Industrial Court), tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó iṣẹ́, ní ẹ̀ka l'Ákúrẹ́. Ẹ tètè rí lọ́yà, torí òfin kan lè ní kí ẹ kọ́kọ́ fún káńsù ní ìwé ìkìlọ̀, òmíràn sì lè gé àsìkò tí ẹ lè fi pe ẹjọ́ sí oṣù mẹ́ta. Àwọn alága àti káńsẹ́lọ̀ Èkìtì tí wọ́n lé ní 2010 dé Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ, 2016 ni wọ́n tó dá wọn láre pé kí wọ́n san owó wọn. Ọdún mẹ́fà! Ọjọ́ tí sáà yín bá parí, ẹ kó ẹ̀dà gbogbo ìwé yín lọ sílé.