Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí iṣẹ́ àmì ẹ̀yẹ: kí ẹ tó ra ẹ̀rọ fọ́ìlì tuntun

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń kọ́ṣẹ́ àwo ẹ̀yẹ, ẹ má fi sáńpù tí oníṣòwò gbé wá dá ẹ̀rọ fọ́ìlì lẹ́jọ́, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi ooru tẹ ọ̀rọ̀ aláwọ̀ wúrà mọ́ ara nǹkan. Òun ló yan ọ̀rọ̀ tó wà lórí ẹ̀, òun ló yan ohun tó tẹ̀ ẹ́ sí. “CONGRATULATIONS” gàdàgbà ló sábà máa ń jẹ́, kò sì ní àmì kankan lábẹ́ tàbí lórí. Iṣẹ́ tiyín ni kẹ́ ẹ gbé lọ bá a: Olúṣẹ́gun, Ọmọ́táyọ̀, kí lẹ́tà náà má ga ju 3 mm lọ, lórí àwo tẹ́ ẹ ń tà gan-an.

Àmì ìsàlẹ̀ yẹn ló ń tú àṣírí ẹ̀rọ. Ní ìwọ̀n 3 mm, àmì náà ò lè fẹ̀ ju nǹkan bí 0.5 mm lọ. Bí àyè tó wà láàárín òun àti lẹ́tà bá kéré sí 0.3 mm, fọ́ìlì á dí i, ọ á wá dà bí Q. Ẹ fi ọwọ́ fa àmì náà jìnnà díẹ̀ kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ohun mìíràn ni pé ẹ́ àti ọ̀ kò ní àyè kan ṣoṣo tiwọn nínú Unicode, ìyẹn ètò nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà: lẹ́tà ẹ tàbí ọ ló ń kọ́kọ́ wá, a wá gbé àmì ohùn lé e lórí. Fọ́ǹtì tí kò bá mọ èyí á ti àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí kó fi àpótí òfìfo dípò ẹ̀. Nínú CorelDRAW tá a fi ń ya iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ Ctrl+Q kí ọ̀rọ̀ náà di curves, ìyẹn àwòrán tí kò nílò fọ́ǹtì mọ́, kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ. Kò sí bí kọ̀ǹpútà ẹlòmíì ṣe lè bà á jẹ́ mọ́.

Fọ́ìlì fúnra ẹ̀, ẹ mọ ohun tó jẹ́. Wúrà kọ́. Ọ̀rá fẹ́lẹ́ tí kò nípọn ju nǹkan bíi micron 12 lọ ló gbé e. Lábẹ́ ọ̀rá ni ìda wà, èyí tó máa yọ́ kí ìyókù lè tú sílẹ̀. Ọ̀dà aláwọ̀ ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà alumíníọ̀mù, gọ́ọ̀mù ló sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ọ̀dà yẹn ló ń sọ alumíníọ̀mù di aláwọ̀ wúrà lójú wa. Gọ́ọ̀mù ìwé yàtọ̀ sí ti acrylic (ike líle tó ń dán bíi gíláàsì), ti acrylic yàtọ̀ sí ti awọ. Nítorí náà bí fọ́ìlì kan bá kọ̀ tí kò mú, ẹ má tíì bú ẹ̀rọ. Èyí tó bá ń yára tú dára fún àwòrán fẹ̀ǹfẹ̀. Èyí tó ń lọ́ra tú ló dára fún lẹ́tà wẹ́wẹ́. Róòlù kan ṣoṣo lọ̀pọ̀ oníṣòwò máa ń kó fúnni, ẹ bèèrè oríṣi méjèèjì.

Lórí ìwé tàbí awọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 100°C, kẹ́ ẹ máa fi 5 kún un títí dé 140°C, sẹ́kọ́ǹdù kan fún ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án nìyẹn. Ẹ má yí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ padà títí ẹ ó fi ṣe tán. Bí lẹ́tà bá já jálajàla, kò tíì gbóná tó. Bí inú e àti a bá dí, tàbí tí dídán ẹ̀ ṣú, ó ti gbóná jù. Bó bá jẹ́ apá kan ṣoṣo ni kò mú, tábìlì ẹ̀rọ ló dagun: ẹ fi bébà kan tẹ́ abẹ́ apá ibẹ̀. Lórí acrylic, ẹ ṣọ́ra, torí nǹkan bí 105°C ló ti ń rọ̀. Bẹ́ ẹ bá pẹ́ lórí ẹ̀, lẹ́tà á rì wọnú ẹ̀ bí ọwọ́ nínú ẹ̀kọ.

Iye tí ojú ẹ̀rọ ń kọ, inú irin tó ń gbóná ló ti ń kà á, kì í ṣe ojú lẹ́tà. Ìbọn tó ń wo ìgbóná náà á sì tan yín lórí idẹ tó ń dán, iye tó kéré ló máa kọ. Ẹ lẹ téèpù bébà tí àwọn oníkùn ọkọ̀ ń lò mọ́ ọn, kẹ́ ẹ wo orí téèpù.

Ọ̀rọ̀ iná wá ńkọ́? Bí volt 220 bá já sí 180, agbára ìgbóná ò kàn dín díẹ̀ o. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ló kù, torí ìlọ́po volt ní ara ẹ̀ ló ń tẹ̀ lé. Àwo àkọ́kọ́ á dára, torí ẹ̀rọ ti fara balẹ̀ gbóná. Ìkẹwàá ni wàhálà máa bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kẹ́ ẹ tẹ 30 léra wọn láì sinmi, kẹ́ ẹ wá gbé àkọ́kọ́ àti ìgbẹ̀yìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Lẹ́tà òjé kì í wọ́n, ṣùgbọ́n etí ẹ̀ máa ń kú kíá. Ti idẹ ló ń pẹ́. A sí Z nìkan ló sì sábà máa ń wà nínú àpótí méjèèjì, kò sí ṣ. Dáì ni irin tí wọ́n fín ọ̀rọ̀ tàbí àwòrán sí lódindi; ti magnesium tó fún iṣẹ́ kékeré, bàbà àti idẹ fún èyí tó máa pẹ́. Àmọ́ àwo ogún, orúkọ ogún: ta ló máa ṣe dáì ogún? Àmì ilé-iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ ṣe dáì fún, kẹ́ ẹ fi léésà kọ orúkọ. Ní Ṣómólú, ẹ lè gbé dáì yín lọ bá ẹni tó ní ẹ̀rọ, ẹ ò nílò láti ra tiyín.

Ẹ̀rọ fọ́ìlì tí kì í lo dáì, tó jẹ́ 300 dpi (tóótó 300 nínú íǹṣì kan), 0.085 mm ni ẹyọ tóótó ẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Tóótó mẹ́fà ló máa gba àmì ìsàlẹ̀ yín kọjá, ó tó, kò ṣẹ́kù. Bí ẹyọ kan bá kú lára orí tó ń tẹ̀ ẹ́, ìlà funfun á la gbogbo iṣẹ́ já. Ẹ bèèrè iye tí wọ́n ń ta orí yẹn kẹ́ ẹ tó bèèrè iye ẹ̀rọ. Fọ́ìlì tó ń lẹ̀ mọ́ tóńà, ìyẹn ìyẹ̀fun dúdú inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé léésà, dára fún ìwé ẹ̀rí, kì í ṣe fún àwo. Bírò gbígbóná tí wọ́n ń fi kọ fọ́ìlì lọ́wọ́, ohun ìṣeré ni.

Kẹ́ ẹ lè mọ̀ bóyá fọ́ìlì mú dáadáa, ní ọjọ́ kejì, ẹ fi résọ̀ fa ìlà mẹ́fà ní òró lórí ẹ̀, mẹ́fà ní ìbú, 1 mm síra wọn, kẹ́ ẹ lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọn, kẹ́ ẹ fà á kúrò. Nínú àpótí 25 yẹn, ẹ ka èyí tó bá téèpù lọ. Ẹ fi òwú tútù nu èyí tó kù lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ẹ má fi sípíríìtì kan acrylic tí léésà ti gé o, á sán wẹ́rẹwẹ̀rẹ ní etí. Omi ọṣẹ ni kẹ́ ẹ lò.

Ó ku owó. Bí róòlù bá jẹ́ 64 cm ní ìbú, 120 m ní gígùn, tẹ́ ẹ gé e sí 4 cm, mẹ́rìndínlógún lẹ máa rí. Bí ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá jẹ 10 cm, róòlù náà tó ìtẹ̀ 19,200. Fọ́ìlì kọ́ ló ń jẹ owó yín. Àwo tó bàjẹ́ ni. Bí mẹ́ta bá bàjẹ́ nínú 30 yẹn, ẹ pín owó wọn sórí 27 tó kù, kẹ́ ẹ fi iye tó jáde wé ohun tẹ́ ẹ ń san fún oníléésà báyìí.