Àpápá wo?

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ̀ ń ṣèwádìí ìtàn, mo rí ọ̀kan nínú yín lọ́sẹ̀ tó kọjá nínú ákáífù, ilé tí wọ́n ń tọ́jú ìwé àtijọ́ sí, tó wà lọ́gbà Yunifásítì Ìbàdàn, ó ti yọ báírò sórí fáìlì ayé òyìnbó kí wọ́n tó ké mọ́ ọn. Pẹ́ńsùlù ni wọ́n ń lò, ẹ mọ̀ ọ́n.

Nǹkan mẹ́ta ni mo ní kí n bá yín sọ. Ìkíní, ẹ kọ̀wé síbi tẹ́ ẹ̀ ń lọ kẹ́ ẹ tó gbéra. Ìkejì, ẹ kọ nọ́ńbà fáìlì kẹ́ ẹ tó kọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Ìkẹta, ẹ dá ohun tẹ́ ẹ̀ ń wá mọ̀ dáadáa, ibí yìí gan-an ni nǹkan ti bu èmi jẹ.

Lọ́dún 2014, mò ń kọ nípa àwọn Yorùbá tó ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ Elder Dempster, ilé-iṣẹ́ tí ọkọ̀ wọn máa ń ná Liverpool sí Èkó nígbà kan. Bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún kan ní Ọjà'ba sọ fún mi pé inú ọkọ̀ wọn kan tó ń jẹ́ Àpápá lòun ti fọ abọ́ kí Nàìjíríà tó gbòmìnira. Ó tán, mo tọrọ owó, mo gba físà, ó di mùsíọ́mù ọkọ̀ òkun tó wà ní Albert Dock ní Liverpool. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni mo ní, mi ò tiẹ̀ dúró wo àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n fi gíláàsì bò, ákáífù ni mo gbà lọ tààrà. Mo ní Àpápá, wọ́n gbé Àpápá fún mi, èyí tí bàálù Jámánì ju bọ́ǹbù lù tó sì rì ní November 1940. Ìtàn yẹn dùn jù, mo dà á kọ bí ẹni tó rí owó he.

Súpáfáísọ̀ mi ka iṣẹ́ yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ó dáa.

Ọjọ́ sẹ́mínà, bàbá ọ̀jọ̀gbọ́n kan lẹ́yìn bọ́ awò ojú ẹ̀, ó ní, "Ẹni ọdún mélòó ni bàbá yẹn?" Mo ní ọgọ́rin. Ó ní, "Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ọkọ̀ rì nìyẹn. Ta ló ń gbé e dé ibi tí abọ́ wà?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, súpáfáísọ̀ náà ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tó kà á lẹ́ẹ̀mejì o! Mo ti dárí jì í, àmọ́ mi ò gbàgbé.

Àṣé Àpápá mẹ́ta ni wọ́n ní. Ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ló mú kí tàkọ́kọ́ rì ní 1917, ìkejì lèyí tí mo fi ṣe ara mi léṣe, ìkẹta dé ní 1948, wọ́n sì lò ó títí wọ́n fi tà á ní 1968. Bí ọ̀kan bá lọ, wọ́n á fi orúkọ ẹ̀ sọ tuntun, bí àwa ṣe ń sọ ọmọ ní Babátúndé. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tiẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ìyẹn kì í pààrọ̀.

Mo padà sí Ọjà'ba, owó máíkírà kan péré. Bàbá fa àpótí páànù jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó yọ ìwé tí wọ́n fún un nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀: orúkọ ọkọ̀, nọ́ńbà ẹ̀, ọjọ́ tó wọlé, ọjọ́ tó jáde, gbogbo ẹ̀ pé síbẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ ò sì fi hàn mí látijọ́!"

Ó ní ṣé mo bi òun ni.